Ṣé Omi Ọbẹ̀ Ń Ṣe Ọmọ Tó Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ Lóore?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ṣùúrùlérè ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, kò sì sí oúnjẹ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ àfi kí n da ọbẹ̀ lé e lórí títí táá fi rì. Ìrẹsì, iṣu, ànàmọ́, kódà búrẹ́dì, ọbẹ̀ náà ni. Tí ọbẹ̀ ò bá sí, á ní kí n fún òun ní ketchup. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, bó bá sì rí ẹ̀fọ́ lójú ọbẹ̀, á fi ìka yọ ọ́ sọnù. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé omi ọbẹ̀ ló tọ́ bàbá rẹ̀ dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní mò ń fi iyọ̀ àti mágì pa ọmọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé kí n dá ọbẹ̀ dúró fún un ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ má dá ọbẹ̀ dúró. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí mo mọ bí ilé yín á ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dán an wò: ọmọ á sunkún, ìrẹsì á gbẹ sínú àwo, ìyá ọkọ yín á sì dákẹ́, irú ìdákẹ́ tó ju èébú lọ. Ọbẹ̀ ò ba ọmọ yín jẹ́. Ohun tó yẹ ká jọ wò ni ohun tó wà nínú ọbẹ̀ tó ń kan òun lẹ́nu, torí pé ẹni méjì lè jẹun nínú ìkòkò kan náà kó má jẹ́ oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ.

Onímọ̀ nípa oúnjẹ ni mí. Níbi iṣẹ́ mi ní apá Mainland níbí, tí ìyá kan bá mú irú ẹjọ́ yìí wá, mo máa ń ní kó bu oúnjẹ ọmọ náà wá fún mi bó ṣe ń bù ú fún un gan-an. Kì í ṣe ti àlejò o, ti ojoojúmọ́. Mo ní asẹ́ kékeré kan, ẹ̀yà irú èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Mo máa ń da ọbẹ̀ ọmọ náà sójú rẹ̀, kí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ máa wò ó. Ohun tó máa ń kù lókè ni awọ tòmátò, hóró ata díẹ̀, bóyá eegun ẹja tín-ín-rín kan. Ohun tó sọ̀ kalẹ̀ sínú abọ́ ni omi pupa, pẹ̀lú òróró tó ń dán lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá á ti ní, "Ṣùgbọ́n ẹja wà nínú ẹ̀ nílé o." Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Bàbá ló jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ohun tí ẹja fi sílẹ̀ sínú omi ni adùn. Purotéènì tó ń kọ́ ara ọmọ kì í tú dà sínú omi ọbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú ẹran ara ẹja yẹn náà ló jókòó sí, òun àti èyí tó pọ̀ jù nínú irin tí ẹ̀jẹ̀ ń lò.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ rọra gba ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín yẹ̀ wò. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé bàbá ọmọ yín jẹ àkàrà láàárọ̀ Sátidé, ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó jẹ ẹ̀wà bíi pé kò ní tán láyé, ó sì ń fi ṣawa jẹ ẹ̀kọ. Omi ọbẹ̀ nìkan kọ́ ló tọ́ ọ. Láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà mìíràn kì í tilẹ̀ fún ọmọdé ní ẹran tàbí ẹyin, wọ́n ní á sọ ọ́ dolè. Ẹran di ti bàbá, omi di ti ọmọ, ẹ̀wà ló wá ń bá ọmọ dí àyè ẹran náà. Lóde òní a ti fi ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀, ọmọ wá fúnra rẹ̀ kọ ẹran, ó tún kọ ẹ̀wà mọ́ ọn. Ibi tó ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Láti bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bẹ̀rù oúnjẹ tí kò mọ̀. Eyín ẹ̀rìgì tó kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ, àárín oṣù 23 sí 33 ló ń hù. Ọmọ yín kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ti ń fi wọ́n lọ nǹkan, ìrẹsì gbígbẹ tàbí iṣu tó le máa ń há a lọ́nà ọ̀fun. Ọbẹ̀ ń mú kó yọ̀ lọ. Nǹkan mìíràn tí àwọn ìyá kì í kíyè sí ni pé ọbẹ̀ máa ń sọ gbogbo oúnjẹ di ọ̀kan. Ìrẹsì àná àti iṣu òní, adùn kan náà ni tí ọbẹ̀ bá ti bò wọ́n. Ọmọ tó ń bẹ̀rù àjèjì ti rí ohun tí kì í já a kulẹ̀. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Ní ilé yín báyìí, ọmọ ọdún mẹ́ta ni baálé.

Ó yá, iyọ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti ní òótọ́ díẹ̀ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ariwo bà á jẹ́.

Àjọ WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i. Òǹkà tí èmi fi ń ṣiṣẹ́ ni ti ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n fi ọjọ́ orí pín in: ọmọ ọdún 1 sí 3, gíráàmù 2; ọdún 4 sí 6, gíráàmù 3; ọdún 7 sí 10, gíráàmù 5. Ọmọ yín kò tíì pé mẹ́rin, gíráàmù 2 ni tiẹ̀, àti búrẹ́dì àti bisikíìtì àti ìndómì ló sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìkòkò kan. Ẹ se ọbẹ̀ Sátidé tí ilé máa jẹ títí di Túsìdeè. Ẹ fi mágì márùn-ún sí i, onígíráàmù mẹ́rin-mẹ́rin. (Gbogbo kúúbù ìsebẹ̀ là ń pè ní mágì l'Ékòó, iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é.) Ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ padà, ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Iyọ̀ ló máa ń ṣáájú, ohun tó bá sì pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Ìdajì kúúbù náà, ó kéré tán, iyọ̀ ni. Kúúbù márùn-ún jẹ́ gíráàmù 20, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ wá bu ṣíbí ìmutíì iyọ̀ méjì lé e, bíi gíráàmù mẹ́fà-mẹ́fà, ìyẹn 12. Ó di 22. Tí ìkòkò náà bá gba ṣíbí ńlá tí a fi ń bu ọbẹ̀ ní ìgbà 30, ṣíbí kan ti gbé iyọ̀ gíráàmù 0.7. Ọmọ yín tí ẹ ní ọbẹ̀ ń ri oúnjẹ rẹ̀, ká ní ṣíbí méjì ló ń jẹ lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Gíráàmù 2.8 nìyẹn, a ò sì tíì dé orí ketchup.

Ojú ẹsẹ̀ kọ́ ni èyí máa pa á lára. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ahọ́n. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ ti mọ́ iyọ̀ ní ọdún mẹ́ta, iṣu lásán á máa dà bí igi lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dààmú àwọn àgbà wa sì ń gba ibi jíjẹ iyọ̀ láti kékeré wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe rọrùn tó. Ẹ mú mágì náà wá sí méjì, iyọ̀ sí ṣíbí kan. Iyọ̀ inú ìkòkò di nǹkan bíi gíráàmù 10, ṣíbí mẹ́rin ọmọ yín á gbé bíi 1.3. Ọbẹ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọmọ ò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ má dín in lẹ́ẹ̀kan náà o, kí bàbá ilé má baà sọ pé ọbẹ̀ tẹ́. Ẹ yọ mágì kan lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi àlùbọ́sà tó pọ̀, edé gbígbẹ lílọ̀ àti irú dí àyè rẹ̀. Ẹ tọ́ irú náà wò kí ẹ tó dà á sí i, torí irú ọjà mìíràn ti jẹ iyọ̀ yó kó tó dé ilé yín.

Ti òróró kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé nílò ọ̀rá ju àwa lọ, àti pé fítámínì A tó wà nínú epo pupa àti tàtàṣé, láìsí ọ̀rá ara ò lè gbà á dáadáa. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró ń mú agbára kálórì bíi 120 wá. Ọmọ yín ń lo nǹkan bíi 1,200 lójúmọ́. Tí ṣíbí méjì òróró bá ń léfòó lórí ìrẹsì rẹ̀, ó ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú òróró nìkan. Fún ọmọ tó gbẹ, mi ò ní bá yín jà sí i. Fún ọmọ tó sanra tó sì ń ní òun ti yó lẹ́yìn ṣíbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bu òróró ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó bu tiẹ̀. Epo pupa tí wọ́n gbé kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi lọ, bíi ti ọbẹ̀ ẹ̀wà agányìn tàbí ayamáṣe, ti pàdánù fítámínì tí mo ń wí. Adùn ló kù síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní oúnjẹ ọmọ.

Ketchup: ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní bíi ṣíbí ìmutíì ṣúgà kan nínú, pẹ̀lú iyọ̀. Tó bá jẹ́ ìlàjì ṣíbí lójú iṣu díndín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ má kàn gbé ìgò náà sórí tábìlì, ẹ bù ú, kí ẹ dé e padà. Gíréfì oníyẹ̀fun inú agolo tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, omi gbígbóná lẹ ó kàn dà sí i, iyọ̀ àti ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kò wúlò fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ata àti tòmátò ní Tejúoṣó nítòsí!

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Ọmọ tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ti fún yín ní ọkọ̀. Ẹ kàn wá ẹrù gidi kó sínú ẹ̀.

Ẹ mú ẹja títùs kan, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ yọ awọ rẹ̀ àti gbogbo eegun, ẹ fi ìka tẹ ẹran ara rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀ torí eegun rẹ̀ máa ń sápamọ́. Ẹ bu ṣíbí ọbẹ̀ méjì kúrò nínú ìkòkò ilé, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹran ara ẹja tó tó páálí ìṣáná kan, ẹ gbé e kaná nínú ìkòkò kékeré bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Á ki sí i, àwọ̀ rẹ̀ á ràn díẹ̀ sí ti ọsàn, adùn rẹ̀ á sì jẹ́ ti ọbẹ̀ tó mọ̀. Tí ẹ bá wá dà á sójú asẹ́ mi, kò ní jọ tàná. Ẹyin náà ńkọ́? Ẹ po ẹyin kan, ẹ rọra dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kí ẹ máa rò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílò purotéènì bíi gíráàmù 13 lójúmọ́, ẹyin kan sì ní bíi 6. Ẹyin kan ṣoṣo ti sún mọ́ ìdajì. Ata rodo, ẹ bu ti ọmọ kí ẹ tó fi sí ìkòkò. Tí ata bá wá ta á lẹ́nu pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má fún un ní omi, torí ohun tó ń ta nínú ata kì í yọ́ sínú omi, inú ọ̀rá ló ń yọ́ sí. Mílíìkì ẹnu méjì ló ń pa á.

Ẹ tún rántí pé àwa ní ọbẹ̀ tó jẹ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀. Gbẹ̀gìrì, kí ni? Ẹ̀wà ni. Ọmọ tó ní òun kì í jẹ ẹ̀wà lè jẹ gbẹ̀gìrì lójú ìrẹsì kó má mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Tí ẹ bá ní ará ní Erékùṣù, ní apá Pópó Àgùdà, wọ́n á ti fún yín ní fẹ̀jọ̀n rí. Àwọn baba ńlá wọn tó ti Bràsíìlì padà wálé ló mú un wá, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n ń sè é jù: ẹ̀wà tí a sè títí, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn pò, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja jẹ. Ó dùn, ó kúnná bí ìpara, kò ní hóró kan tí ọmọ aṣàjẹ lè fi ìka yọ. Mo ti fún àwọn ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n má dúró de Àjíǹde. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, àgbọn fúnra rẹ̀ ti ládùn.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, torí èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn. Ọmọ mi kejì, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ọbẹ̀ ata nìkan lòun náà ń jẹ. Mo bá ra tẹ̀tẹ̀ ìdì kan, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo rò ó pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò sí nítòsí. Mo rò pé mo gbọ́n. Ó jókòó, ó wo àwo náà, ó wò mí, ó ní, "Mummy, ta ló da ẹrẹ̀ sí i?" Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kò fi fọwọ́ kan ọbẹ̀ nínú ilé wa. Búrẹ́dì àti tíì ló ń jẹ. Tí mo bá fẹ́ bu oúnjẹ, á kọ́kọ́ wá na ọrùn wo inú ìkòkò bí ọlọ́pàá tó ń yẹ búùtù ọkọ̀ wò. Oúnjẹ kan ṣoṣo tó fọkàn tán, èmi ìyá rẹ̀, tí mo sì jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ, ni mo lọ bà á jẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sórí àga, kó ju ẹja náà sínú blẹ́ńdà fúnra rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì, bí iná bá wà. Tí kò bá sí iná, ẹ fún un ní ṣíbí kó fi tẹ ẹja náà fọ́. Ẹ̀fọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé méjì tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tó lè rí, tó sì lè yọ kúrò tó bá wù ú. Fífi ìka yọ ọ́ yẹn gan-an, ẹ̀kọ́ ni: ó ti fọwọ́ kàn án, ó ti gbóòórùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ ọmọdé ti rí i pé ọmọ lè nílò kó rí oúnjẹ tuntun ní ìgbà 8 sí 15 kó tó gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti juwọ́ sílẹ̀ ní ìgbà kẹta, a ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé "kì í jẹ ẹ̀fọ́," lójú ọmọ náà. Ọmọ á wá gbà pé orúkọ òun nìyẹn.

Ẹ má rọ ọ́ o. Mo mọ̀ pé wọ́n rọ àwa náà, tí ìyá á di ọmọ mú sórí ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lè gba ibi ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọmọ tó sì ti ń bẹ̀rù oúnjẹ á wá máa bẹ̀rù ìyá mọ́ ọn. Onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà kan wà, Ellyn Satter, ó pín iṣẹ́ náà sí méjì: òbí ló máa pinnu ohun tí wọn óò jẹ, ìgbà tí wọn óò jẹ ẹ́, àti ibi tí wọn óò ti jẹ ẹ́, ọmọ ló máa pinnu bóyá òun á jẹ, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Lójú àgbà Yorùbá ìyẹn dà bí ìgbà tí ọmọ gba àkóso ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin ṣì lẹ̀ ń sè é, ẹ̀yin ṣì lẹ̀ ń gbé e kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, láìsí ariwo, láìsí bisikíìtì tí ẹ ó fi pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Bisikíìtì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ẹ kò sọ ohun tí ọmọ ń jẹ láàárín oúnjẹ, ṣùgbọ́n màá wò ó lójú yín: tíì onímílíìkì láàárọ̀, bisikíìtì àti júùsì inú báàgì ilé ẹ̀kọ́, tíì mìíràn tó bá dé. Mílíìkì tó bá ti ju bí 500 mílílítà lọ lójúmọ́ máa ń dí ikùn, kì í sì í jẹ́ kí irin inú oúnjẹ ráyè. Ebi tó yẹ kó bá yín bẹ ọmọ yín, tíì ti lé e lọ.

Ní ti dídín ọbẹ̀ kù, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má dín in rárá. Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìkan ni kí ẹ yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀ rẹ̀ sí abọ́ kékeré tiẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kó máa fi iṣu bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí i pé tó bá jẹ́ òun ló ń fi bọ̀ ọ́, ọbẹ̀ á kéré sí èyí tí ẹ̀ ń dà lé e lórí, iṣu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní adùn tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí lílọ̀ náà kúnná títí ayé. Ní oṣù kejì, ẹ dá blẹ́ńdà dúró ṣáájú kó tó kúnná tán, kí okùn ẹja díẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, torí ọmọ tí kò rún nǹkan lẹ́nu ní ọdún mẹ́ta, ní ọdún márùn-ún ọ̀rọ̀ rẹ̀ á le jù báyìí lọ. Kí bàbá rẹ̀ sì máa jẹun tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa jẹ ẹja, kó má sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gba orí afárá Third Mainland bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kì í tètè délé. Sátidé àti Sọ́ńdè náà tó.

Ọbẹ̀ ẹlẹ́ja lílọ̀ yìí kì í pẹ́ bà jẹ́ o. Ẹ má gbé e kalẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ pín in sínú rọ́bà kéékèèké, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, kó dì nínú fíríìsà. Èyí tí ẹ bá yọ, kó hó dáadáa, kí ẹ má dá ìyókù padà. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ kan tó sì ti yọ́ tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Kí ó tún hó lẹ́ẹ̀kejì kò ní pa gbogbo májèlé tí kòkòrò ti ṣu sínú ẹ̀.

Èyí tí màá ní kí ẹ má fi sùúrù wò ni ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tàbí tó ń wúkọ́, tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ há lọ́rùn tó bá ń jẹun. Ọmọ tí oúnjẹ tó ń gbà ń dín kù lóṣooṣù náà wà níbẹ̀, àti ọmọ tí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun tó sì ń jẹ yẹ̀pẹ̀ tàbí ẹfun. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín. Wọ́n ní okùn ìwọn apá níbẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan: tó bá ju mílímítà 125 lọ, àwọ̀ ewé ni, ìyẹn ni pé ó dára, 115 sí 125, ó fẹ́ àmójútó, tí kò bá tó 115, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀. Láti Ṣùúrùlérè, LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, ò jìnnà. Ṣùgbọ́n látinú ohun tí ẹ kọ, ọmọ tó ń sáré tó sì ń bínú sí ẹ̀fọ́ báyìí, mi ò rò pé ibẹ̀ lẹ dé.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má kà á fún wọn pé mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wá se gbẹ̀gìrì bí wọ́n ṣe ń sè é fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ti ọmọ náà kó rí i tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ kàn dúró lẹ́bàá ààrò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi kán-ún sí i. Kán-ún ní sódíọ̀mù bíi iyọ̀, ó sì ń ba fítámínì B1 tó wà nínú ẹ̀wà jẹ́. Tí wọ́n bá ní ẹ̀wà ò ní rọ̀ láìsí i, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti rẹ ẹ́ sómi láti àná.